Fífi Ọkàn Rìn: Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹsẹ̀ tí Àrùn Sọ Di Wúwo

Bí àlejò bá wọ ilé kan ní agbègbè ìlú Innsbruck, láàárín àwọn òkè gíga ilẹ̀ Ọ́stríà, tí ó sì bá obìnrin kan tí ó jókòó jẹ́ẹ́ lórí àga, tí ó pa ojú dé, tí kò mi ọwọ́, tí kò sì gbé ẹsẹ̀, ó lè rò pé oorun ni ó ń sùn, tàbí pé ọ̀lẹ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́tí sílẹ̀, yóò gbọ́ orin tí ìlù rẹ̀ ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì, gẹ́gẹ́ bí ìró ẹsẹ̀ ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Obìnrin náà kò sùn. Rírìn ni ó ń rìn. Nínú ọkàn rẹ̀ ni ó ti ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ó ń gbé ti òsì, tí ó ń mọ bí gìgísẹ̀ ti ń kan ilẹ̀ àti bí orúnkún ti ń tẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, iṣẹ́ náà sì wà lára ìtọ́jú àrùn tí ó mú ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo.

Rírìn jẹ́ ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ le kì í rò. Àgbẹ̀ a jí ní òwúrọ̀, a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, a sì gba ọ̀nà oko. Kì í bi ẹsẹ̀ rẹ̀ léèrè bóyá yóò lọ tàbí kò ní í lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí àrùn bá ti ba ọ̀nà tí ó wà láàárín ọpọlọ àti ẹsẹ̀ jẹ́ níláti ronú sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn ilé di òkè fún un, ọ̀nà ilé ìsìn tí kò tó ìbùsọ̀ kan sì di ìrìn àjò ọjọ́ gbọọrọ. Bí ẹ̀kọ́ kan bá wà tí ó lè fi díẹ̀ kún ìrìn irú ẹni bẹ́ẹ̀, láìná owó púpọ̀, láìsí ewu ìṣubú, ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ohun kékeré.

ÀRÙN NÁÀ

Orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àrùn yìí ni multiple sclerosis. Jean-Martin Charcot, oníṣègùn àgbà ní ilé ìwòsàn Salpêtrière ní ìlú Paris, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ kedere ní ọdún 1868. Nígbà tí a yẹ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn àwọn tí ó ti ní àrùn náà wò lẹ́yìn ikú wọn, a rí àpá líle káàkiri ibẹ̀, láti ara àwọn àpá wọ̀nyí ni àrùn náà sì ti gba orúkọ.

Láti inú ọpọlọ ni àṣẹ ti ń jáde lọ sí ẹsẹ̀, nípasẹ̀ àwọn iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ ju òwú lọ. Ọ̀rá kan bo àwọn iṣan wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí rọ́bà ti í bo wáyà iná, ọ̀rá yìí sì ni ó ń jẹ́ kí àṣẹ yára dé ibi tí a rán an. Àwọn ohun kan sì wà nínú ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà. Ọmọ-ogun ara ni a lè pè wọ́n. Nínú àrùn yìí, àwọn ọmọ-ogun náà ṣìnà. Wọ́n kọjú ìjà sí ọ̀rá tí ó bo iṣan, bí ajá ọdẹ tí ó fi ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀ tí ó bu olówó rẹ̀ jẹ. Níbi tí ọ̀rá bá ti ṣí, àṣẹ a máa fà, a máa ṣìnà, tàbí kí ó má tilẹ̀ dé rárá.

Nítorí náà ni ẹni tí ó ní àrùn yìí fi lè rí i pé ojú rẹ̀ kan ṣú, pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri, pé òun ń ta gọ́ọ́gọ́ bí ẹni tí ó mu ọtí nígbà tí kò fi ẹnu kan ọtí, tàbí pé àárẹ̀ ńlá mú òun láìṣe iṣẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmì wọ̀nyí a wá, a lọ, a tún padà. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń burú sí i. Láàárín ogún ọdún sí ogójì ọdún ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà tí ènìyàn ń tọ́ ọmọ tí ó sì ń kọ́ ilé, ó sì ń mú àwọn obìnrin ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju àwọn ọkùnrin lọ. Kì í ràn láti ara aláìsàn sí ara àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2020, ìṣirò àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìsàn náà ní gbogbo ayé fi iye wọn sí nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, èyíinì ni 2,800,000.

Ìdí àrùn náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tí a jogún wà níbẹ̀, ibi tí a gbé dàgbà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Harvard tẹ àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ jáde. Wọ́n rí i pé ewu àrùn yìí di ìlọ́po 32 lẹ́yìn tí kòkòrò tí a ń pè ní Epstein-Barr bá ti wọ ara. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò náà sì wọ́pọ̀ láàárín gbogbo ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn kò sì ní í ní àrùn yìí láéláé.

Ní àwọn ilẹ̀ òtútù tí ó jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé ni àrùn náà ti pọ̀ jùlọ. Láàárín àwọn ènìyàn ilẹ̀ Nàìjíríà, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òṣúntókun, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìbàdàn, jẹ́rìí sí èyí nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1990 fi hàn pé àwọn ọmọ tí àwọn àtìpó láti Áfíríkà, láti erékùṣù West Indies àti láti ilẹ̀ Íńdíà bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ní àrùn náà ju àwọn òbí wọn lọ. Ìdílé tí ó ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ orúkọ àrùn yìí nínú lẹ́tà ní ọjọ́ kan.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1890, Wilhelm Uhthoff, oníṣègùn ojú kan ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe àkíyèsí pé ojú àwọn aláìsàn yìí a máa ṣú sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi agbára ṣe nǹkan. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé ìgbóná ara ni ó ń fà á, nítorí pé iṣan tí ọ̀rá rẹ̀ ti ṣí kì í lè gbé àṣẹ dáadáa bí ara bá gbóná. Ẹ wo wàhálà tí èyí dá sílẹ̀: ẹsẹ̀ ń fẹ́ ìdánrawò kí ó má baà rọ pátápátá, ṣùgbọ́n ìdánrawò ń mú ìgbóná àti àárẹ̀ wá, àwọn méjèèjì sì ń dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Níhìn-ín gan-an ni fífi ọkàn rìn ti wúlò.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍGBÀ TÍ ỌKÀN BÁ Ń RÌN

Ọmọ tí ń kọ́ ìlù lílù a máa lu ú nínú ọkàn rẹ̀ lórí ẹní ní òru, kí ilẹ̀ tó mọ́ tí yóò mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn ti mọ irú nǹkan báyìí láti ayébáyé. Ohun tí àwọn olùwádìí fi kún un ni ẹ̀rí pé kì í ṣe àlá lásán.

Ní nǹkan bí ọdún 1930, Edmund Jacobson ní ìlú Chicago ní kí àwọn ènìyàn dùbúlẹ̀ kí wọ́n sì dẹ ara sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ọkàn gbé apá sókè láìgbé e ní tòótọ́. Ó fi ohun èlò tí ó lè mọ iná tí ó kéré jùlọ nínú ara kan apá náà. Ní gbà tí ẹni náà bá rò pé òun ń gbé apá ọ̀tún, iná kékeré a máa sáré nínú ẹran apá ọ̀tún. Bí ó bá sì dẹ́kun ríronú, iná náà a dákẹ́. Ní ọdún 1980, Per Roland àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn nínú ọpọlọ. Wọ́n rí i pé nígbà tí ènìyàn bá fi ọkàn gbé ìka ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ a máa pọ̀ sí i ní apá ọpọlọ tí ó ń ṣètò ìgbésẹ̀, àní bí ìka kankan kò tilẹ̀ mira.

Ní ọdún 1989, Jean Decety, Marc Jeannerod àti ẹlẹgbẹ́ wọn ní agbègbè ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ṣe ìdánwò tí ó rọrùn tí ó sì kún fún ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ibi tí ó jìnnà ní mítà 5, 10 àti 15 han àwọn ènìyàn, wọ́n fi aṣọ di ojú wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n rìn dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n dúró lójú kan kí wọ́n fi ọkàn rìn ín. Àkókò tí ọkàn fi rìn ín dọ́gba pẹ̀lú àkókò tí ẹsẹ̀ fi rìn ín. Nígbà tí wọ́n sì gbé ẹrù kílò 25 lé wọn, ìrìn inú ọkàn tilẹ̀ pẹ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni pé ọkàn pẹ̀lú ru ẹrù náà. Ní ọdún 1991, àwọn olùwádìí wọ̀nyí kan náà rí i pé bí ènìyàn bá fi ọkàn rìn kánkán tàbí tí ó fi ọkàn sáré, àyà rẹ̀ a máa lù sí i, mímí rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i, ní ìwọ̀n bí eré inú ọkàn náà ti le tó.

Ẹ̀rí kẹta ti ọwọ́ Alvaro Pascual-Leone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1995. Wọ́n kọ́ àwọn tí kò mọ dùùrù tẹ̀ ní orin kékeré kan tí a ń fi ìka márùn-ún tẹ̀, fún wákàtí méjì lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Àwọn kan fi ìka tẹ̀ ẹ́; àwọn kan jókòó níwájú dùùrù, wọ́n fi ọkàn tẹ̀ ẹ́, wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Ní ọjọ́ karùn-ún, apá ọpọlọ tí ó ń darí ìka ti gbòòrò lára àwọn méjèèjì. Àwọn tí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jẹ́ kí àwọn tí ó fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ fi ìka tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí méjì péré, wọ́n bá àwọn ìyókù dọ́gba.

Ìtumọ̀ gbogbo èyí ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ẹsẹ̀ dàbí ipa ọ̀nà oko. Bí a kò bá gbà á, igbó a bò ó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbà á ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́ lè fi ọkàn gbà á, kí koríko má baà hù bò ó mọ́lẹ̀.

ÌDÁNWÒ TI INNSBRUCK

Barbara Seebacher, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi ìdánrawò tọ́jú aláìsàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní multiple sclerosis ní Innsbruck. Àbájáde iṣẹ́ wọn tí ó lókìkí jùlọ ni wọ́n tẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn ní ọdún 2017. Ènìyàn 112 ni ó bẹ̀rẹ̀, 101 ni ó sì ṣe é dé òpin. Gbogbo wọn ni ó ṣì lè rìn, tí àìlera wọn jẹ́ díẹ̀ tàbí ìwọ̀nba.

Nípa ìbò ni a fi pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ojúsàájú má baà wà. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ń fi ọkàn rìn bí wọ́n ti ń gbọ́ orin tí ìlù rẹ̀ le, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ń sọ fún wọn bí wọn yóò ti gbé ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì ń gbọ́ ohùn náà, ṣùgbọ́n dípò orin, ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olórin fi ń mọ ìwọ̀n ìlù ni ó ń dún fún wọn, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀ nìkan. Ìṣẹ́jú 17 ni wọ́n fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nínú ilé wọn.

A fi ohun méjì wọn ìrìn wọn ṣáájú àti lẹ́yìn: ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi rin ẹsẹ̀ bàtà 25, àti bí wọ́n ti rìn jìnnà tó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, ẹgbẹ́ méjèèjì tí ó fi ọkàn rìn yára jù, wọ́n sì rìn jìnnà jù àwọn tí kò ṣe é. Àwọn fúnra wọn pẹ̀lú jẹ́rìí pé ìrìn rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àárẹ̀ tí ó ń mú orí wọn dínkù. Àárẹ̀ ti ara sì dínkù lára àwọn tí ó gbọ́ orin. Ní ti ìgbádùn ayé wọn lápapọ̀, àwọn tí ó gbọ́ orin ni ó jèrè jùlọ.

Ìdí tí ìlù fi ṣe pàtàkì kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ́mù rí i pé bí àwọn aláìsàn yìí ti ń fi ọkàn mira kì í sábà péye bí ti ẹni tí ara rẹ̀ le. Ó lè pẹ́ jù, tàbí kí ó yára jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fún wọn ní ohun tí wọn yóò máa tẹ̀lé láti ìta, ó túbọ̀ tọ́. Ìdánwò mìíràn tí Seebacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, pẹ̀lú ènìyàn 60, tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé fífi ọkàn rìn pẹ̀lú orin àti ohùn ìtọ́ni dára ju fífi ọkàn rìn láìsí ìró lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu ní ilẹ̀ tí ọmọ kékeré ti ń mi èjìká sí ìlù kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìlù a máa fa ẹsẹ̀.

BÍ A TI Ń ṢE É

1. Kí aláìsàn kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ oníṣègùn rẹ̀, àti ẹni tí ń kọ́ ọ ní ìdánrawò bí ó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwọn ni yóò sọ ibi tí ìrìn rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó: bóyá iwájú ẹsẹ̀ kì í gbé sókè tó, tàbí orúnkún ń yẹ̀, tàbí ara ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

2. Kí ó jókòó lórí àga tí ó ní ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn tútù ti ń fẹ́, tí ariwo kò sí. Kí ó pa ojú dé, kí ó sì mí fínnífínní. Àkókò tí ara bá ti sinmi ni ó dára jù. Òwúrọ̀ sàn fún ọ̀pọ̀ wọn.

3. Kí ó wọ inú ara rẹ̀. Kì í ṣe pé kí ó máa wo ara rẹ̀ lókèèrè bí ẹni tí ń wo àwòrán. Kí ó mọ bí gìgísẹ̀ ti ń kan ilẹ̀, bí ìwúwo ara ti ń kúrò lórí ẹsẹ̀ kan bọ́ sí orí èkejì, bí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ti ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, bí apá ti ń fì. Bí ó bá ṣòro, kí ó kọ́kọ́ dìde, kí ó fi ọwọ́ di nǹkan mú, kí ó rin ìgbésẹ̀ díẹ̀ ní tòótọ́, kí ó fi ọkàn sí bí ó ti rí lára, kí ó tó padà jókòó.

4. Kí ìlù wà. Orin tí a gbà sílẹ̀ dára. Bí kò bá sí, ẹnìkan nínú ilé lè máa pàtẹ́wọ́ tàbí kí ó máa lu tábìlì jẹ́jẹ́. Kí ìwọ̀n rẹ̀ bá ìrìn tí ó rọ aláìsàn lọ́rùn mu. Bí ọjọ́ ti ń lọ, a lè mú un yára díẹ̀díẹ̀. Ẹni náà lè máa sọ pẹ̀lú ìlù pé, "Gbé e, sọ̀ ọ́, gbé e, sọ̀ ọ́."

5. Kí ìrìn inú ọkàn gba àkókò kan náà pẹ̀lú ìrìn ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ogún ìṣẹ́jú àáyá ni ó fi ń rìn láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà, kí ọkàn pẹ̀lú lo ogún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fò dé ẹnu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kò rìn. Ó kàn rò pé òun ti dé ni.

6. Kí ó máa fi ọkàn rin ìrìn tí ó dára: ara nàró, ìgbésẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ kò wọ́ ilẹ̀. Bí ó bá rí i nínú ọkàn rẹ̀ pé òun kọsẹ̀, kí ó dúró, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ó sì tún un rìn bí ó ti yẹ.

7. Ìṣẹ́jú 17 ni àwọn ti Innsbruck ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí òfin pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọkàn wà níbẹ̀ sàn ju ogún tí ọkàn ti ṣáko lọ. Bí orí bá rẹ̀ ẹ́, kí ó dáwọ́ dúró; ríronú pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́. Ohun tí ó ṣe kókó ni kí ó má ṣe fò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

8. Lẹ́yìn èyí, kí ó rìn ní tòótọ́ bí agbára rẹ̀ ti mọ, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹnìkan bí ó bá nílò rẹ̀. Àwọn tí ó fi ọkàn tẹ dùùrù kò di olórin títí ìka wọn fi kan dùùrù.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Ó yẹ kí a sọ èyí láìfi bò, nítorí pé ìrètí èké burú ju àìsí ìrètí lọ. Fífi ọkàn rìn kì í wo àrùn náà sàn. Kì í dá ọ̀rá tí ó ti jẹ padà sára iṣan, kì í sì dá ọmọ-ogun ara tí ó ṣìnà lẹ́kun. Oògùn ni ó ń ṣe èyí dé ìwọ̀n tí ó lè ṣeé ṣe. Oògùn àkọ́kọ́ tí ó ń dín ìkọlù àrùn náà kù gba àṣẹ ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ mìíràn ti tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tí ó lè mú un kúrò pátápátá. Ẹni tí ó bá fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó ń fi ọkàn rìn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ohun tí ó ń tún ṣe jẹ́.

Kí a rántí pẹ̀lú pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni ìdánwò ti Innsbruck, pé àwọn tí ó ṣì lè rìn ni a mú, àti pé àwọn ẹgbẹ́ kẹta mọ̀ pé àwọn kò ṣe ohun tí àwọn ìyókù ń ṣe. Apá kan nínú èrè náà lè jẹ́ ti ìrètí. Ẹni tí àrùn ti mú ìrántí tàbí àròjinlẹ̀ rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì lè rí i pé ó ṣòro fún òun. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dákẹ́ pátápátá kò gbọdọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé bí òun bá ronú tó, òun yóò dìde. Ọ̀rọ̀ ìkà ni èyí, nítorí ó di ẹ̀bi àìsàn ru aláìsàn.

Ṣùgbọ́n nínú ìwọ̀n tirẹ̀, èrè náà jẹ́ gidi. Ẹni tí ó tètè dé òdìkejì ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé, tí ó lè rìn dé ilé aládùúgbò kí ó tó wá ibi jókòó sí, mọ iye tí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá tó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: oògùn jẹ́ ọ̀nà kan, ìdánrawò jẹ́ ọ̀nà kan, ìsinmi jẹ́ ọ̀nà kan, fífi ọkàn rìn sì jẹ́ ọ̀kan pẹ̀lú. A tún ti lo irú ọ̀nà yìí fún àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, àrùn tí ó wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilẹ̀ wa, àgbéyẹ̀wò àwọn ìdánwò rẹ̀ sì fi hàn pé bí a bá fi í kún ìdánrawò tòótọ́, ó ń ran apá tí ó rọ lọ́wọ́.

FÚN ÀWỌN ARÁ ILÉ

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí ó wúwo ni ó jẹ́ ti àrùn yìí. Ní ọdún 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Òṣúntókun kọ̀wé nípa àrùn kan tí ó ń mú kí àwọn ènìyàn ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà máa ta gọ́ọ́gọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń kú; ó tọ́ka sí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí oúnjẹ mìíràn tí ó ní agbára. Nítorí náà, kí a jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kí a tó yan án ní gàrí, kí a sì máa fi ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tàbí ẹran kún un. Ìpalára egungun ẹ̀yìn àti àìtó ohun aṣaralóore nínú oúnjẹ pẹ̀lú lè mú ẹsẹ̀ rọ, àwọn kan nínú wọn sì ṣeé wò sàn bí a bá tètè mọ̀ wọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, ilé ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ibi tí a ó ti sọ fún un pé ayé ni ó ń ṣe é.

Ní ti ẹni tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé ó ní multiple sclerosis, ọ̀rọ̀ àwọn ara ilé lè gbé e ró tàbí kí ó wó o palẹ̀. Àárẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Bí ó ti ń rìn dáadáa ní òwúrọ̀ tí ó sì ń ta gọ́ọ́gọ́ ní ọ̀sán kì í ṣe ẹ̀tàn. Oòrùn àti àárẹ̀ ni. Bí ó bá sì jókòó, tí ó pa ojú dé, tí ìlù ń dún, kí ìyàwó má ṣe pè é, kí ọkọ má ṣe rán an níṣẹ́, kí àwọn ọmọ má ṣe ṣeré nítòsí. Kí ẹnìkan jókòó tì í, kí ó máa pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀kan, èjì, ọ̀kan, èjì. Ó wà lójú ọ̀nà. Kí a jẹ́ kí ó rìn dé.